Ẹfúndùnkẹ́ àti Ìmọ́lẹ̀ Tí Omi Ń Pa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ẹni rere tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ láti wá gbọ́ tẹnu mi. Kí ẹni tí ó bá ń wúkọ́ wú tirẹ̀ tán báyìí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ mi sì fà á, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ni, ọ̀rọ̀ ìyanu sì ni pẹ̀lú. Ẹ ó rí obìnrin tí a fi iyọ̀ mọ, ẹ ó rí ìlú tí àwọn òkú ti ń fín ẹwìrì, ẹ ó sì rí hóró ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ẹyin èèrà, tí ó ṣe ohun tí igba ògùṣọ̀ kò lè ṣe. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, mo bẹ̀rù òkú ju bí mo ti bẹ̀rù àna mi lọ, Ọlọ́run sì mọ̀ pé ẹ̀rù àna mi kò kéré. Nítorí náà bí ohùn mi bá gbọ̀n níbì kan, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìlú kan wà láyé àtijọ́ tí à ń pè ní Etí-Kùrukùru, nítorí pé etí àfonífojì kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Orúkọ àfonífojì náà ni Àfonífojì Ìpè, àárín rẹ̀ ni ọ̀nà oko wọn gbà kọjá, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá ń ràn lórí òrùlé ìlú, kùrukùru funfun a máa dìde láti ìsàlẹ̀ àfonífojì náà, inú rẹ̀ sì ni àwọn òkú tí kò rí ẹni sin wọ́n ń gbé. Wọn kì í fi ohùn ara wọn pe ènìyàn. Ohùn ẹni tí o fẹ́ràn jù ni wọ́n fi ń pè ọ́. Bí o bá dáhùn, ọ̀nà yóò pòórá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ebi kò ní pa ọ́ níbẹ̀, òùngbẹ kò ní gbẹ ọ́, nítorí wọn kì í fẹ́ kí àlejò wọn kú kí ó tó di tiwọn. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ìwọ yóò máa gbàgbé orúkọ ara rẹ, bí ogójì ọjọ́ bá sì fi pé, ìwọ náà yóò di ọ̀kan nínú àwọn tí ń pè. Ẹ fi ogójì ọjọ́ yìí sọ́kàn, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Iná kò ṣe é gbé wọ ibẹ̀. Òtútù ń mú òkú. Bí wọ́n bá rí ògùṣọ̀, wọn a rọ́ yí i ká láti yáná títí ògùṣọ̀ náà yóò fi kú. Ìmọ́lẹ̀ tútù nìkan ni wọ́n ń yà fún, ìmọ́lẹ̀ tí kò ní ooru, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ṣáká bí ewé tuntun. Ìran àwọn oníléru, ìyẹn àwọn tí ń yọ́ yanrìn di ìlẹ̀kẹ̀ díńgí, ni wọ́n mọ bí a ti ń ṣe é. Wọn a fi òjé àti iyọ̀ adágún kan tí ó jìnnà réré sínú àdín gbígbóná, wọn a sì gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná lójijì. Nígbà náà ni hóró wẹ́wẹ́ yóò silẹ̀ sínú rẹ̀, tí ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí oòrùn bá ti kan hóró wọ̀nyí, bí ó ti wù kí oòrùn náà rẹlẹ̀ tó, wọn a tàn ní àwọ̀ ewé, tí ènìyàn yóò fi ẹnu ya. Kìkì pé wọn kì í pẹ́. Òmíràn a dé àárín àfonífojì kí ó tó kú, òmíràn kì í dé ibẹ̀ rárá.

Nínú ìran yìí ni a bí Ẹfúndùnkẹ́, ọmọ Àjàdí, ọmọ afojú-ko-iná-má-ṣẹ́jú, ọmọ a-wẹ-ìlẹ̀kẹ̀-kí-ó-tó-wẹ-ọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín oríkì náà, òtítọ́ ni. Àṣà àwọn oníléru ni pé ohunkóhun tí ó bá ti ọwọ́ wọn jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò wẹ̀ ẹ́ nínú odò, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tí a kò wẹ̀ kì í dán, wọ́n sì máa ń wí pé omi kò lọ́tàá. Àjàdí kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú, ọmọ náà kò sì gbàgbé. Ó fẹ́ Ọdẹ́rìndé, afinimọ̀nà ìlú, ọkùnrin tí ń mú àwọn àgbẹ̀ la àfonífojì já lọ sóko, tí ń mú wọn bọ̀. Ẹfúndùnkẹ́ ni ń ṣe ìmọ́lẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń gbé sórí ọ̀pá, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ó sì ń wẹ ìmọ́lẹ̀ náà dáadáa ju bí ẹnikẹ́ni ti ń wẹ̀ ẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìndé kó àwọn àgbẹ̀ méjìlá bọ̀ láti oko. Ìmọ́lẹ̀ kú mọ́ wọn lórí ní àárín àfonífojì. Ó ní kí oníkálukú di etí aṣọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ mú, ó sì fi ọwọ́ tálẹ̀ títí wọ́n fi jáde; àfi arúgbó obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ já lẹ́yìn. Ọdẹ́rìndé padà wọlé, ó rí arúgbó náà, ó tì í síta. Arúgbó jáde. Ọdẹ́rìndé kò jáde. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀pá rẹ̀ dé ilé, Ẹfúndùnkẹ́ tú hóró ìmọ́lẹ̀ náà wò, ó bá a pé ó ti di ẹ̀tù funfun bí eérú. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà, lọ́sàn-án gangan, Ẹfúndùnkẹ́ a máa gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti inú kùrukùru: "Dùnkẹ́, wá mú mi. Dùnkẹ́, òtútù ń mú mi." Àwọn ènìyàn a sì dì í mú.

Baálẹ̀ ìlú wá kí i. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹni tí ó lọ ti lọ. Gba kámú."

Ẹfúndùnkẹ́ ní, "Bàbá, ogójì ọjọ́ kò tí ì pé. Márùn-ún péré ni ó lọ. Ìmọ́lẹ̀ ọwọ́ mi ni ó kú mọ́ ọn lórí, èmi ni n ó wá èyí tí kì í kú."

Bí ó ti di ẹrù rẹ̀ nìyẹn, ó di ọ̀nà adágún iyọ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ wà níhìn-ín tí ẹ ń wò mí: bí ẹ bá sọnù, ta ni yóò wá yín? Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ lọ rò ó nílé.

Ó rìn fún ọjọ́ mẹ́jọ kí ó tó dé odò iwin kan tí à ń pè ní Afọnimọ́. Iwin yìí kò ní ara, omi ni ó fi ṣe ara, ojú rẹ̀ sì tutù, ohùn rẹ̀ dùn. Ó kí Ẹfúndùnkẹ́ kú ìrìn, ó ní kí ó wọlé wẹ̀, pé ẹni tí òun bá wẹ̀, gbogbo ìdààmú rẹ̀ ni yóò bá omi lọ. Ara Ẹfúndùnkẹ́ ń fẹ́ omi náà; ọmọ ìdílé tí ń wẹ nǹkan ni. Ó ti bọ́ gèlè, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, nígbà tí ó rí ẹrù jọ bí òkìtì létí odò: àpò, ọ̀pá ìtìlẹ̀, aṣọ ọmọ kékeré tí ẹnìkan ń gbé lọ fún ẹnìkan. Ó wò yíká, ó rí àwọn tí ó ni ẹrù náà tí wọ́n jókòó lórí iyanrìn, ara wọn mọ́ fínnífínní, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tí ó mọ ibi tí ó ń lọ mọ́. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kíá, ó sì sáré. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan tí ó ti bọ omi náà ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀: láti ọjọ́ náà kò lè rántí orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Gbogbo ìtura kọ́ ni ìtura, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òmíràn wà tí olè ni.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tí ọkọ rẹ̀ sọnù, ó dé adágún iyọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun lọ títí, kò sí igi, kò sí ẹyẹ. Ní àárín rẹ̀ ni Ìyá Oníyọ̀ jókòó sí, obìnrin gíga tí a fi iyọ̀ mọ láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ̀tù funfun sì yí i ká tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Ẹfúndùnkẹ́ kúnlẹ̀.

Ìyá Oníyọ̀ ní, "Mo mọ ọwọ́ rẹ. Ìwọ ni o ń pa àwọn ọmọ mi."

Ẹfúndùnkẹ́ ní, "Ìyá, mi ò pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo tọ́jú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń wẹ̀ wọ́n."

Ìyá Oníyọ̀ ní, "Òjé ni egungun wọn, iyọ̀ ni ẹran ara wọn, àdín tí ẹ fi sè wọ́n sì ni aṣọ wọn. Nígbà tí o bá wẹ̀ wọ́n, o bọ́ aṣọ lára ọmọ iyọ̀, o sì tì í sínú omi. Kí ni o rò pé omi máa ń ṣe sí iyọ̀? Àwọn nìyí tí wọ́n yí mi ká, gbogbo èyí tí ìran rẹ ti wẹ̀ pa. Mi ò lè sunkún wọn, nítorí ẹkún kan péré, èmi náà á yọ́."

Ha! Ẹfúndùnkẹ́ subú lulẹ̀. Ó rí i nísinsìnyí pé kì í ṣe kùrukùru ni ó pa ìmọ́lẹ̀ ọkọ òun; kùrukùru kàn bá a parí ohun tí ọwọ́ òun ti bẹ̀rẹ̀ létí odò ni. Ìfẹ́ ni ó fi wẹ̀ ẹ́, ìfẹ́ náà ni ó sì fi pa á. Ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Oníyọ̀ fi ní kí ó sún sẹ́yìn, kí omi ojú rẹ̀ má baà ta sí òun lára. Nígbà tí ó dákẹ́, ó bèèrè bí òun yóò ti dáàbò bò wọ́n. Ìyá Oníyọ̀ ní, "Mo dárí jì ọ́, nítorí ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bèèrè. Gbọ́: aṣọ kò tó wọn. Omi ń wọ aṣọ, ooru líle ń bọ́ ọ, bí wọ́n bá sì fara gbún ara wọn, wọn a pa iná ara wọn. Ilé ni kí o kọ́ fún wọn. Má sì kọ́ ilé tán kí o tó kó wọn wọ̀ ọ́, nítorí ẹnu ọ̀nà tí o bá gbé wọn gbà ni omi náà yóò gbà. Inú ilé náà ni kí o ti bí wọn." Ó bu iyọ̀ láti èjìká ara rẹ̀ fún un. Ẹfúndùnkẹ́ dúpẹ́, ó fi ewé gbígbẹ wé e, ó tẹ̀ síwájú.

Ilé wo ni omi kò lè wọ̀? Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ oníléru kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n: díńgí ni. Ṣùgbọ́n iná tí ó lè yọ́ yanrìn àti òjé àti iyọ̀ pọ̀ kò sí lẹ́bàá adágún. Ìléru tí ó wà ní tòsí kò ju ti Ìlú Ẹwìrì lọ, níbi tí àwọn oníléru tí ó ti kú ń gbé. Ó gba ibẹ̀ lọ, èmi ì bá má lọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ó dé ibẹ̀. Àwọn òkú ń fín ẹwìrì, iná ń jó, kò sì gbóná lára wọn; ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọn a ṣe é tán, wọn a wẹ̀ ẹ́, wọn a fọ́ ọ, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìdí ìléru kẹta, ó rí ẹ̀yìn kan tí ó mọ̀. Ó ní, "Bàbá mi!"

Àjàdí yíjú padà. Ó ní, "Dùnkẹ́, ọmọ mi. Kí ni ẹni tí ara rẹ̀ ṣì gbóná ń wá níhìn-ín?"

Ó rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá náà gbọ́ ọ tán. Ó yọ̀ǹda ìléru rẹ̀ fún un. Ẹfúndùnkẹ́ da yanrìn àti òjé àti iyọ̀ sínú ìkòkò amọ̀, ó yọ́ wọn títí wọ́n fi di omi pupa, ó fi ẹ̀mú fa ìlẹ̀kẹ̀ kan jáde, ó jẹ́ kí ó tutù. Ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ gaara. Ó gbé e sínú oòrùn. Kò tàn. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ rárá. Àwọn òkú rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn sì dàbí ìgbà tí a bá ń da èérún díńgí sínú igbá. Wọ́n ní kí ó sọ ọ́ nù.

Obìnrin náà jókòó, ó ronú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ilé ni mo kọ́ yìí, n kò tí ì bímọ sínú rẹ̀. Ẹyin tí a kò sàba lé lórí, ṣé a lè ní kò ní ọmọ nínú?" Ó rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ náà ní láti padà sínú iná, kì í ṣe iná líle tí yóò yọ́ ọ, bí kò ṣe iná pẹ̀lẹ́, fún ìgbà pípẹ́. Ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Gbogbo ẹwìrì ìlú náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àjàdí ní, "Èèwọ̀ ni! Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó bá ti jáde kì í padà sínú iná. Ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kí ó lè rí bí ó ti yẹ kí ó rí. Ṣé o mọ ohun tí ó jẹ́ ìyà rẹ̀? Ẹni tí ó bá dá ìlẹ̀kẹ̀ padà, gbogbo òkú ìdílé rẹ̀ ni yóò gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá ń bọ̀, kò ní sí ẹnìkan nínú wa tí yóò pàdé rẹ lẹ́nu ibodè."

Ẹfúndùnkẹ́ ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé kí n wẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí Àjàdí lára. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Àwa tí a jẹ́ àgbà, ó ṣòro fún wa láti gbà pé ohun tí a fi inú rere kọ́ ọmọ ni ó ṣe ọmọ ní jàm̀bá. Ọ̀pọ̀ wa ni yóò kú kí á tó gbà, ọ̀pọ̀ kò sì ní gbà bí a tilẹ̀ kú tán. Àjàdí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sídìí ẹwìrì, ó ní, "Iná pẹ̀lẹ́ kò ṣe é dá fín. Gbé e wọlé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó ń fín in díẹ̀díẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń fi ẹ̀mú yí ìlẹ̀kẹ̀ náà. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, bàbá náà ní, "Kí ni o ní ọkọ rẹ ń jẹ́?" Ó dá a lóhùn. Ó tún ṣe díẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti lọ́kọ ni?" Ẹfúndùnkẹ́ ń sunkún, kò dáwọ́ dúró, bàbá náà kò sì dẹ́kun láti máa fín in. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta, ìlẹ̀kẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí èso bá fẹ́ pọ́n. Ó yọ ọ́, ó jẹ́ kí ó tutù jẹ́jẹ́, ó gbé e sínú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé bú jáde, ó kún gbogbo Ìlú Ẹwìrì, àwọn òkú sì bojú. Ó jù ú sínú agbada omi. Inú omi ni ó ti ń tàn.

Àjàdí dìde nídìí ẹwìrì, ó wò ó bí a ti ń wo àlejò. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí dára o, obìnrin yìí. Ta ni ó kọ́ ọ níṣẹ́?"

Ẹfúndùnkẹ́ ní, "Bàbá mi ni, Bàbá."

Ó ní, "Ó gbìyànjú." Ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógójì ni ó dé ẹnu àfonífojì, ní ọ̀sán. Kùrukùru ti dìde. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn, ó wọlé. Oòrùn tí ó ràn gba inú kùrukùru kọjá kéré, ṣùgbọ́n ó tó ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ọ̀nà là níwájú rẹ̀. Omi kùrukùru ń kán lára díńgí náà, kò sì rí ibi wọlé. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. "Dùnkẹ́, èmi nìyí." Ó yíjú, ó rí ọkọ rẹ̀ tí ó na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà kò dúró lára rẹ̀, ó là á kọjá, ó bọ́ sórí koríko lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọjá. "Dùnkẹ́, òtútù ń mú mi." Ó rí òmíràn, ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Wọ́n di mẹ́wàá, wọ́n di ogún, gbogbo wọn ni wọ́n gbé ojú Ọdẹ́rìndé wọ̀, tí wọ́n ń fi ohùn tí ó ti ń gbọ́ lójoojúmọ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ó dùn ún dé egungun, àmọ́ kò dá wọn lóhùn.

Ó rìn títí ìmọ́lẹ̀ náà fi dúró lára nǹkan kan. Ọkùnrin kan ni, ó jókòó sídìí igi, ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó sì ti fi ọ̀já ìbàdí rẹ̀ di ara rẹ̀ lẹ́nu pinpin. Gbogbo àfonífojì ń pè é, ẹni yìí nìkan ni kò pè é. Ó tú ọ̀já náà. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Ta ni ó dì yín lẹ́nu?"

Ọkùnrin náà ní, "Èmi ni. Mi ò mọ orúkọ ara mi mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí n kò gbọdọ̀ pè, nítorí bí mo bá pè é, yóò wá, yóò sì sọnù."

Ẹfúndùnkẹ́ dì mọ́ ọn, ó ní, "Ọdẹ́rìndé ni orúkọ yín, olówó orí mi. Ẹ kò pè mí, mo sì wá. Ẹ dìde." Ó dìde. Wọ́n bá ìmọ́lẹ̀ náà jáde, ọwọ́ nínú ọwọ́.

Lẹ́yìn èyí, a kò wẹ ìmọ́lẹ̀ mọ́ ní Etí-Kùrukùru, ìlẹ̀kẹ̀ tí ń tàn ni wọ́n sì tò sí ọ̀nà oko wọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Nígbà tí Ẹfúndùnkẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kò sí òkú kan tí yóò pàdé òun lẹ́nu ibodè, Ọdẹ́rìndé ní, "Àwọn ìdílé rẹ ni òfin náà mú. Èmi kì í ṣe ìdílé rẹ, ọkọ rẹ ni mí." Wọ́n gbó, wọ́n tọ́. Ọdẹ́rìndé ni ó ṣáájú lọ sí ẹnu ibodè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ìhín, ẹ má kàn máa fẹnu yà lásán kí ẹ sì dìde. Àṣà dára, baba wa ni ó fi lé wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí a fi ṣe nǹkan kí ẹ tó fi àṣà bá a lò, nítorí ohun tí ń mú ìlẹ̀kẹ̀ dán lè pa ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ ẹlẹgẹ́ láàrin yín, ẹ má fi ẹlẹgẹ́ bú u, ẹ kọ́ ilé fún un, ẹ ó rí bí yóò ti tàn tó. Kí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ń ké pè yín jù ni ó fẹ́ràn yín jù. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, mo ti sọ ọ́. Kí oníkálukú yín dé ilé láyọ̀, kí ẹ bá ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ nílé lálàáfíà.